Ìjókòó Mọ́tò Kì Í Ti Òkè Gbó: Ẹ Wo Inú Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Náwó Lé E

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ ìjókòó mọ́tò àtijọ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó ni mọ́tò á wo ìjókòó tó ti ya, á ní awọ ló gbó. Á kó owó sílẹ̀, á ní kí wọ́n fi awọ tuntun bò ó. Wọ́n á bò ó lóòótọ́, á sì máa dán gbinrin. Ṣùgbọ́n kó tó pé oṣù mẹ́fà, ìdí ẹni tó jókòó á ti máa kan irin, awọ tuntun á ti hunjọ bí ojú arúgbó, ìjà á sì dé. Oníbàárà á ní oníṣẹ́ jà òun lólè. Oníṣẹ́ á ní ohun tí wọ́n rán òun lòun ṣe. Ta ló jẹ̀bi? Àwọn méjèèjì ni, torí kò sí ẹni tó wo inú nínú wọn.

Gbogbo mọ́tò lọ̀rọ̀ yìí kàn, ṣùgbọ́n ara àwọn mọ́tò eré àtijọ́ ló ti le jù, àwọn oníjókòó méjì tí òyìnbó ń pè ní spọ́ọ̀tì. Ẹ jẹ́ ká mú MGB ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú Abingdon ni wọ́n ti ń ṣe é, láti 1962 títí di 1980 tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa. Èyí tí wọ́n ṣe jáde lé ní 500,000. Mọ́tò kékeré ni. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ní òrùlé irin, aṣọ ni wọ́n fi ń bo orí rẹ̀ bí òjò bá ṣú. Ó lọ sílẹ̀ débi pé ìdí awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ ilẹ̀. Ẹni tó ń wọlé á já lu ìjókòó gbì, ẹni tó ń jáde á fi gbogbo ara tẹ etí rẹ̀ kó tó lè dìde. Òjò ń rọ̀ sí i, oòrùn ń pa á, fún ogójì ọdún, fún àádọ́ta ọdún. Irin pàápàá á gbó, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti fóòmù.

Ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó ìlú òyìnbó nìyí, kó rọra ná. Ìjókòó danfo, ìjókòó Pijó 504, àga tó wà ní pálọ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà gbó. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń tún ti MGB ṣe, kò sí télọ̀ ìjókòó tó máa lè fi ọ̀rọ̀ dídùn gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

IBI TÍ ÌJÓKÒÓ TI Ń KÚ

Ìpele mẹ́rin ni ìjókòó MGB ní. Férémù irin ló wà nísàlẹ̀. Rọ́bà ni wọ́n nà sórí férémù náà bí ẹni na ẹní sórí bẹ́ẹ̀dì. Nínú àwọn kan, ọ̀já rọ́bà ni wọ́n fi dábùú ara wọn. Nínú àwọn mìíràn, odidi rọ́bà fífẹ̀ kan ni, ìwọ̀ irin ni wọ́n sì fi kọ́ ọ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Fóòmù ló wà lórí rọ́bà, ìbòrí ló wá kẹ́yìn. Àwọn tó mọ Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen àtijọ́, á rántí pé sípíríǹgì ni tiẹ̀ ní lábẹ́, tí wọ́n wá fi fọ́nrán àgbọn lé e lórí. Ohun tí wọ́n lò yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ tó ń ṣe tìmùtìmù ò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní èyí. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí wọ́n kì sínú ló ń gbé ẹni tó jókòó. Awọ kàn ń kó o jọ ni.

Rọ́bà ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Á gbẹ, á sán bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, á já níbi tí ìwọ̀ ti mú un. Bó bá ti já, fóòmù á rì wọ inú ihò, awọ á wá máa gbé ẹrù tí kì í ṣe tiẹ̀. Ibi tí wọ́n ti rán an ló máa kọ́kọ́ tú. Fóòmù náà ní ọjọ́ orí tiẹ̀. Ooru, ọ̀rinrin àti ìmọ́lẹ̀ á jẹ ẹ́ títí á fi máa fọ́ wẹ́wẹ́ bíi gààrí. Ẹni tó bá rí ìyẹ̀fun rúsúrúsú lábẹ́ ìjókòó mọ́tò rẹ̀ tó kàn gbá a dànù, fóòmù rẹ̀ ló ń gbá dànù yẹn. Òwú á jẹrà nínú oòrùn. Férémù á dípẹtà níbi tí omi ti ń dúró sí, á sì sán níbi tí ẹ̀yìn ìjókòó ti so mọ́ ìdí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo agbára ẹni tó ń fẹ̀yìn tì í ń lọ.

TẸ̀ Ẹ́ WÒ, YÍ I DÉ, KÍ O TÓ DÁ IYE LÉ E

Ká sọ pé bàbá kan tó ti pẹ́ ní London, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ra MGB tí wọ́n ṣe ní 1972. Láti ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́ ló ti ń wù ú. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ Yorùbá bíi tiẹ̀ tó ń ran ìjókòó.

“Ẹ káàsán, Bàbá. Háà, mọ́tò yìí mà dára o!”

“Káàsán, ọmọ mi. Ó dára, àmọ́ wo ìjókòó rẹ̀. Bá mi fi awọ pupa bò ó kíákíá. Èló ni?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò lè dá iye lé ohun tí mi ò tíì rí inú rẹ̀.”

“Inú rẹ̀ kẹ̀? Ṣebí awọ ló ya, ìwọ náà ń fojú rí i.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó lé e. Ẹ ṣe bí ẹni ń wa mọ́tò. Ẹ wò ó, Bàbá, èjìká yín kan ga ju ìkejì lọ. Ìdí yín ti rì sápá ọ̀tún. Awọ kọ́ ló ṣe ìyẹn, sà.”

Irú oníṣẹ́ báyìí, kí wọ́n dì í mú ṣinṣin. Ẹni tó bá dá iye láì tẹ ìjókòó wò, láì yí i dojú dé wo abẹ́ rẹ̀, láì fi ọwọ́ mi ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ń yẹ̀, àfọ̀ṣẹ ló ń ṣe, kì í ṣe iṣẹ́. Kó tún wo irin tí ìjókòó ń sún lórí rẹ̀ síwájú sẹ́yìn, kó wo bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sì gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè wo ilẹ̀ mọ́tò fúnra rẹ̀. Ìjókòó tuntun lórí ilẹ̀ tó ti dípẹtà, ilé tuntun lórí ẹrẹ̀ ni.

Lẹ́yìn èyí lọ̀rọ̀ á tó pín sí mẹ́ta. Bí awọ bá ṣì lera, tó jẹ́ pé ìdí rírán nìkan ló tú, wọ́n á pààrọ̀ rọ́bà àti fóòmù, wọ́n á tún ibẹ̀ rán, awọ àtijọ́ á tún padà sórí. Bí awọ bá ti kú ṣùgbọ́n tí férémù yè, ìbòrí tuntun ló kàn. Bí férémù bá ti jẹrà tàbí tó ti wọ́, ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó máa sọ ọ̀rọ̀ ìjókòó mìíràn. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi kẹta yìí, nígbà tó jẹ́ pé rọ́bà kan péré ló já.

AWỌ NI, LẸ́DÀ NI, TÀBÍ AṢỌ?

Àwọn MGB àkọ́kọ́, awọ màlúù gidi ni wọ́n fi bo ibi tí ara ń kàn, wọ́n wá fi lẹ́dà ṣe ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, lẹ́dà ló gba gbogbo rẹ̀, aṣọ náílọ́ọ̀nù sì dé nígbà tó yá. Nítorí náà, bí bàbá tó ra ti 1972 bá fi awọ gidi sí i, ohun tí kò bá a ti ilé iṣẹ́ wá ló fún un. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Kó ṣáà mọ̀ pé awọ gidi wọ́n ju lẹ́dà lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì tan òun pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Awọ gidi ń mí, kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹni làágùn jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ máa ń gbẹ, ó sì ń fẹ́ ìpara tiẹ̀ lóòrèkóòrè. Ẹni tó bá ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, ara rẹ̀ ló ń bó. Lẹ́dà rọrùn láti nù, òjò kì í tètè ràn án, àmọ́ oòrùn máa ń mú un gbóná fòò. Nígbà tí epo tó ń mú un rọ̀ bá sì ti jáde lára rẹ̀ tán, á le gbagidi, á máa sán. Aṣọ tutù fún ìdí, ṣùgbọ́n mọ́tò tí kò lórùlé kì í ṣe ọ̀rẹ́ aṣọ, torí á mu omi òjò yó.

Kí wọ́n ṣọ́ra fún lẹ́dà àga pálọ̀. Ó jọ ti mọ́tò lójú, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe é fún oòrùn tó ń ba gíláàsì wọlé lójoojúmọ́. Òwú náà ńkọ́? Òwú tí wọ́n fi ń rán bùbá kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Òwú náílọ́ọ̀nù tàbí pọliẹ́sítà tó nípọn ni, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ awọ. Kí ẹsẹ̀ òwú má sì sún mọ́ra jù. Bí ihò abẹ́rẹ́ bá pọ̀ lórí ìlà kan, awọ á ya níbẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń ya sítáǹbù.

BÍ ỌWỌ́ ṢE Ń LỌ

Ìbòrí àtijọ́ ni pátánì. Ẹni tó bá sáré gé e jù nù ti sọ ọ̀nà nù. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi fóònù ya ìjókòó náà ní fọ́tò yí ká. Á fi ṣọ́ọ̀kì kọ “òsì” àti “ọ̀tún” sí wọn lára. Á fi pílíásì yọ àwọn òrùka wáyà tó fa ìbòrí mọ́ra, á tọ́jú àwọn ọ̀pá wáyà tó wà nínú etí rẹ̀, torí àwọn ló ń jẹ́ kí ìbòrí tẹ̀ síbi tó yẹ kó tẹ̀. Á wá fi abẹ tú ìdí rírán, á tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, á sì sàmì sí àárín gbùngbùn wọn kó tó gé tuntun.

Awọ gidi kì í dọ́gba. Àpá wáyà ẹ̀gún wà lára rẹ̀, ibi tí eégbọn ti jẹ màlúù wà níbẹ̀, apá ikùn rẹ̀ sì máa ń nà ju ti ẹ̀yìn lọ. Ibi tó dára jù ni wọ́n ń gé fún ojú ìjókòó, kí àpá lọ sábẹ́. Ìlà-ìlà tó wà lójú ìjókòó náà kì í ṣe iṣẹ́ ọmọṣẹ́ ọjọ́ kan. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá yẹ̀ ní ìwọ̀n ẹnu bírò, tí àwọn tó kù sì ń yẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó tó di ìlà kẹwàá, ó ti fẹ̀ tó ìka. Gbogbo ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò ló máa rí i.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀ ọ́, wọ́n á sá ìbòrí sínú oòrùn tàbí kí wọ́n fẹ́ ooru omi sí i kó lè rọ̀. Wọ́n á ta náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí fóòmù kí awọ lè yọ̀ wọlé. Àárín ni wọ́n ti ń fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀ sí òsì, díẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹni tó bá fa ẹ̀gbẹ́ kan tán kó tó lọ sí ìkejì, ìjókòó rẹ̀ á wọ́ bí fìlà abẹtí ajá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Fóòmù tuntun ga ju èyí tó ti rì lọ. MGB GT, èyí tó jáde ní 1965, ní òrùlé irin. Bí wọ́n bá fi fóòmù líle tó nípọn sí ìjókòó awakọ̀ tó ga, orí rẹ̀ á máa kan òrùlé. Nínú èyí tí kò lórùlé, etí òkè gíláàsì iwájú ló máa dí i lójú. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ni mọ́tò jókòó lé fóòmù náà wò nínú mọ́tò, kí wọ́n tó fi ìbòrí dè é pa.

BÍ WỌ́N BÁ FẸ́ PÀÀRỌ̀ RẸ̀ PÁTÁPÁTÁ ŃKỌ́?

Ọmọ bàbá yẹn lè sọ pé: “Dádì, ẹ fi èyí sílẹ̀ jàre. Ẹ jẹ́ ká ra ìjókòó Mazda MX-5 sí i.” Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. MX-5 jáde ní 1989, ọ̀pọ̀ onímọ́tò ló sì ti gbé ìjókòó rẹ̀ sínú MGB. Ó tuni lára, ó sì ní ibi tí orí ń fẹ̀yìn tì. Ìyẹn kì í ṣe fáàrí. Bí mọ́tò mìíràn bá gbá ènìyàn lẹ́yìn, ara á lọ síwájú, orí á fì sẹ́yìn, ọrùn ló máa sanwó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin Amẹ́ríkà fi sọ pé láti oṣù kìíní ọdún 1969, gbogbo mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní ìrọ̀rí lórí ìjókòó iwájú. Àwọn MGB àkọ́kọ́ kò ní in.

Ṣùgbọ́n ihò bóòtì ìjókòó MX-5 àti ti MGB kò bára mu. Irin ni wọ́n máa fi ṣe ìsopọ̀ láàárín wọn. Ibẹ̀ lọ̀ràn wà. Bí jórin-jórin bá fi irin hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́ lẹ̀ ẹ́, tí wọ́n wá fi bóòtì tí wọ́n ṣà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù dè é, ìjókòó náà á dúró dáadáa títí di ọjọ́ tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan. Lọ́jọ́ náà, ìjókòó àti ẹni tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n á jọ lọ síwájú. Bóòtì líle ni kí wọ́n lò, kí wọ́n fi àwo irin fífẹ̀ sí abẹ́ ilẹ̀ mọ́tò níbi tó bá fẹ́lẹ́. Mọ́tò mìíràn tún wà tó jẹ́ pé ara ìjókòó gan-an ni wọ́n de ìdí bẹ́líìtì mọ́. Ẹni tó bá gbé irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, bóòtì tó dè é náà ló di bẹ́líìtì mú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT máa ń wo bóyá ìjókòó awakọ̀ dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, mọ́tò tó bá ti lé ní 40 ọdún, tí wọn ò sì yí padà lọ́nà tó pọ̀, ti bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò tipátipá yẹn. Gbogbo MGB ló ti kọjá 40 ọdún. Bí kò bá sí ìjọba tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ń jókòó lórí rẹ̀ ló kù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Bí wọ́n bá sì pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n má ta ti àtijọ́ fún ẹni tó ń ra irin. Kí wọ́n wé e, kí wọ́n gbé e síbi tí omi ò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò náà lọ́la á béèrè rẹ̀.

ÈYÍ TÓ Ń PA NI

Àwọn mọ́tò tó jẹ́ tuntun láyé ọjọ́un ti ń di àtijọ́ báyìí, ìjókòó tiwọn sì ní ohun tí MGB kò ní. Láti 1994 tí Volvo ti gbé e jáde, ọ̀pọ̀ mọ́tò ló ní àpò afẹ́fẹ́, èábáàgì, nínú ẹ̀gbẹ́ ìjókòó. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọ Nàìjíríà. Bí mọ́tò bá fẹ̀gbẹ́ gbá nǹkan, àpò náà á bẹ́ jáde kí ojú tó ṣẹ́. Ibi tó ń gbà jáde, òwú tó máa ń tètè já ni ilé iṣẹ́ dìídì fi rán an. Télọ̀ tó bá rí i tó ní òwú yìí kò lágbára, tó wá fi òwú líle rán an lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀kùn ìyè ló tì pa.

Kí àwọn ìyá tó ń ta ìbòrí ìjókòó lọ́jà náà gbọ́ o. Ìbòrí tó bá bo ẹ̀gbẹ́ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ pa lè dí àpò yẹn lọ́wọ́. Kí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ ìjókòó: bí wọ́n bá kọ “AIRBAG” síbẹ̀, ìbòrí tí wọ́n ṣe fún un nìkan ni kí wọ́n tà.

Àwọn télọ̀ ìjókòó ńkọ́? Kí wọ́n tó yọ bóòtì kan, kí wọ́n pa mọ́tò, kí wọ́n tú bátìrì, kí wọ́n sì dúró tó bí ìwé mọ́tò náà bá ṣe sọ. Wáyà tí ẹnu rẹ̀ ní ike yẹ́lò lábẹ́ ìjókòó, kí wọ́n má fà á já, kí wọ́n má fi gílóòbù dán an wò. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni à ń pa àmúkùrù tó bà lé ni lẹ́pọ̀n.

KÍ ÀDÉHÙN WÀ LÓRÍ ÌWÉ

Ká tún padà sí ti bàbá. Wọ́n tú ìjókòó, wọ́n rí i pé rọ́bà já, fóòmù ti di ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n férémù yè. Iṣẹ́ náà wá di rọ́bà, fóòmù àti ìbòrí tuntun, kò dé orí ìjókòó mìíràn. Iye tí wọ́n dá nígbà yẹn, bàbá mọ ìdí rẹ̀, torí ó fojú ara rẹ̀ rí inú.

Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí wọ́n máa pààrọ̀, irú awọ tàbí lẹ́dà, ẹni tó máa ra fóòmù, iye àsansílẹ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí. Kí wọ́n gé awẹ́ lẹ́dà kékeré kan mọ́ ìwé náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé pupa yìí kọ́ lòun ní kí wọ́n rà. Kí oníṣẹ́ kó ohun àtijọ́ tó yọ padà fún oníbàárà, kó rí rọ́bà tó já àti fóòmù tó kú. Obìnrin tó ń ta ìrẹsì mọ̀ pé ojú oníbàárà ni wọ́n ti ń wọn ọjà. Iṣẹ́ ọwọ́ náà ò yàtọ̀.

Kí olówó má kánjú, kí oníṣẹ́ má tijú láti sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú u wò.” Ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn bá bí nínú, kó gbé mọ́tò rẹ̀ lọ síbòmíràn. Tó bá yá, ìdí rẹ̀ á sọ fún un.